Kí Ọ̀dọ́ Ẹnjiníà Tó Dáná

Láàárín ọdún 2011 sí 2012, Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n kó jáde lé ní 12,000. Wọ́n tún rí àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì, tí gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára, àti pàǹtí tó ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ jù níbẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé lime, ohun tó wà nínú òkúta ẹfun àti karawun ìgbín, pọ̀ nínú gíláàsì náà, alumina tó máa ń wà nínú amọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ bákan náà. Gíláàsì tí àwọn oníṣòwò ń gbé wá láti òkè òkun nígbà yẹn kò ní méjèèjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lápapọ̀. Èyí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gbà pé ará Ifẹ̀ kò kàn ń yọ́ gíláàsì ẹlòmíràn tún lò. Wọ́n ń fi yanrìn ilẹ̀ wọn ṣe tiwọn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà kẹ́míkà nílùú yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: báwo ni iná igi àti èédú ṣe ká yanrìn? Yanrìn funfun kì í yọ́ àfi kí ìgbóná kọjá 1,700°C. Alumina ń fẹ́ iná tó lé ní 2,000°C, lime ń fẹ́ èyí tó lé ní 2,500°C. Kò sí ìléru kan láyé ìgbà náà tó lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, yanrìn bíi 62 nínú 100, lime 23, alumina 15, àdàpọ̀ náà yóò yọ́ ní nǹkan bíi 1,170°C. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn le ju gbogbo wọn lápapọ̀ lọ. Bí soda tàbí potash bá tún wọ inú rẹ̀, iná tí yóò gbà á tún dín kù sí i. Gíláàsì Igbó Olókun kò jìnnà sí sàkáání yìí: lime rẹ̀ àti alumina rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi 15 nínú 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, soda àti potash sì wà níbẹ̀ láti ran iná lọ́wọ́.

Josiah Willard Gibbs, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yale ní Amẹ́ríkà, ló kọ òfin irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín 1876 sí 1878. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Igbó Olókun kò rí ìwé Gibbs, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa purọ́ mọ́ wọn pé wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni ojú, ọwọ́, àti ìrántí iṣẹ́ tó bà jẹ́ àti èyí tó dára. Òfin náà kò dúró de Gibbs kó tó máa ṣiṣẹ́.

Àwọn orí àti ìbòjú bàbà tí wọ́n dà ní Ifẹ̀ ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Bàbà ògidì ń yọ́ ní 1,085°C. Bí tin, zinc tàbí òjé bá wọ inú rẹ̀, á yọ́ níbi tó relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á sì ṣàn dáadáa. Síbẹ̀ ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ láyé àtijọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà ògidì látòkè délẹ̀. Bàbà bẹ́ẹ̀ máa ń fa gáàsì mu nígbà tó bá yọ́, á sì di oníhò bó bá ń dì. Ọwọ́ tó da ìbòjú yẹn ti gbó nínú iṣẹ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà ni Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ní 1962 gẹ́gẹ́ bíi Fásitì Ifẹ̀, tó kó wá sí orí ilẹ̀ rẹ̀ ní 1967, tó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ní 1987. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà kẹ́míkà níbẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ ooru àti agbára, thermodynamics, tí ẹnu wọn ti gé kúrú sí thermo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò ó bí odò tí wọ́n gbọ́dọ̀ là kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí iṣẹ́ gidi wà. Wọ́n ń há fọ́múlà sórí, wọ́n ń ṣe ìdánwò, wọ́n ń gbàgbé. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ nídìí ìléru, nídìí òpó ìfọpo àti nídìí ẹ̀rọ steam mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn wọn jọra. Kí ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó ya àwòrán, kó tó náwó lórí ẹ̀rọ, kó tó tan kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ bi thermo ní ìbéèrè méjì. Ǹjẹ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí ṣeé ṣe? Bó bá ṣeé ṣe, kí ni iye tó kéré jù lọ tí n óò san lé e?

Ìbéèrè kẹta wà tí thermo kì í dáhùn: yóò ti pẹ́ tó? Ìmọ̀ mìíràn ló ń dáhùn ìyẹn, ẹni tó bá sì da àwọn ìbéèrè náà rú mọ́ra wọn yóò fi owó oní-nǹkan ṣòfò. Ajílẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Nitrogen inú afẹ́fẹ́ àti hydrogen ń para pọ̀ di ammonia tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, wọ́n sì ń tú ooru jáde bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Thermo sọ pé bí ìgbóná bá ń pọ̀, ammonia tó máa jáde á máa dín kù. Bí ìfúnpá, ìyẹn pressure, bá ń pọ̀, á máa pọ̀ sí i. Nínú ìtutù, ammonia ìbá pọ̀ jaburata, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ní kúrò lójú kan, nítorí catalyst irin tí wọ́n fi ń mú iṣẹ́ náà yá kì í jí dáadáa àfi láàárín 400 sí 500°C. Fritz Haber fi ọ̀nà àbáyọ hàn ní Jámánì ní 1909: kí wọ́n gba ìgbóná tí catalyst ń fẹ́, kí wọ́n fi ìfúnpá ńlá dí àdánù rẹ̀, kí wọ́n máa fa ammonia jáde, kí wọ́n sì dá èyí tí kò tíì yí padà sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1913, ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Oppau. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote tí wọ́n ṣí ní Lẹ́kí ní oṣù kẹta 2022, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe urea mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún, kò kúrò lórí àdéhùn yẹn títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ni pé catalyst lè mú kí iṣẹ́ yá, kò lè sún ibi tí iṣẹ́ náà máa dúró sí. Ẹni tó bá ń lo oṣù mẹ́fà láti wá catalyst tí yóò gba ju ohun tí thermo fàyè gbà lọ, ohun tí kò sí ló ń wá.

Ìbéèrè kejì, ti iye, ló ń kan àpò. Ibi tí ọ̀dọ́ ti lè kọ́ ọ láìsan kọ́bọ̀ ni ìdí agbada gààrí ní àwọn abúlé tó yí Ifẹ̀ ká. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó wá yan án. Kí ló dé tí wọn kò kàn da ẹ̀gẹ́ rírin sínú agbada kí iná ṣe gbogbo rẹ̀?

Kí ọmọ iṣẹ́ mú bírò. Ká ní ẹ̀gẹ́ rírin 100 kìlógíráàmù wà nílẹ̀, tí 65 nínú rẹ̀ jẹ́ omi. Gààrí tó gbẹ dáadáa máa ń ní omi bíi 10 nínú 100. Nítorí náà, láti inú 35 kìlógíráàmù tó jẹ́ ara ẹ̀gẹ́ gan-an, gààrí bíi 39 kìlógíráàmù ló máa jáde, omi tó gbọ́dọ̀ lọ á sì tó 61 kìlógíráàmù. Láti gbé omi kìlógíráàmù kan láti 30°C dé 100°C, 293 kilojoule ni. Láti wá sọ omi gbígbóná náà di oru níbi 100°C kan náà, 2,257 kilojoule ni. Kó dúró síbẹ̀ díẹ̀, kó wo bí nọ́ḿbà kejì ṣe fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣíṣe omi gbóná kò wọ́n; sísọ ọ́ di oru ló wọ́n.

Bí iná nìkan bá máa lé omi 61 kìlógíráàmù náà lọ, megajoule 156 ló máa gbà. Bí wọ́n bá fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ títí omi fi ku ìdajì ohun tó wà nínú àpò, 30 kìlógíráàmù omi ti bá ilẹ̀ lọ. Ó ku bíi 31 fún iná, megajoule 79 sì ni ìyẹn. Agbára apá tó yí jáàkì náà kéré débi pé kò yẹ kó wọ inú ìṣirò rárá. Kìlógíráàmù igi gbígbẹ kan ní megajoule bíi 16 nínú. Bí gbogbo ooru igi bá wọ inú gààrí, igi kìlógíráàmù 5 ìbá tó. Ṣùgbọ́n iná tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ agbada kì í sábà lò ju ìdá kan nínú márùn-ún ooru igi rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyókù lọ, ara àti ojú ẹni tó ń yan gààrí sì ń gba nínú rẹ̀. Igi tí wọ́n máa sun kò wá lè dín ní kìlógíráàmù 25.

Gbogbo ìyẹn wà lórí abala ìwé kan, kò sì gba kọ̀ǹpútà. Ó ti fi ibi méjì tí èrè wà han ẹnjiníà náà: kí àpò túbọ̀ gbẹ kó tó dé orí iná, àti kí ilé iná bo ooru mọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá fo ìṣirò yìí, tó lọ ṣe ẹ̀rọ ayangààrí olówó ńlá tó ń lo gáàsì, tí kò sì náání jáàkì, yóò ṣe ohun tó ń dán tí kò sẹ́ni tó máa lè rà á lò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ti Òṣòdì ní Èkó, FIIRO, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣiṣẹ́ lórí fífi ẹ̀rọ ṣe gààrí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ṣe sí omi kí iná tó dé.

Òfin omi yìí kan náà ló yí iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì padà káàkiri ayé. Láyé àtijọ́, wọ́n ń fi omi po òkúta ẹfun àti amọ̀ tí wọ́n lọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n á wá dà á sínú ìléru tó ń yí. Tọ́ọ̀nù kan clinker, ohun tó ń ti inú ìléru náà jáde tí wọ́n á wá lọ̀ di sìmẹ́ǹtì, máa ń jẹ gigajoule 5 sí 6. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, tí wọ́n sì ń fi èéfín ìléru yá a lára kó tó wọlé, ó bọ́ sí gigajoule 3 àti díẹ̀. Thermo fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn pẹ̀lú: yíyí òkúta ẹfun àti amọ̀ padà di clinker fúnra rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi gigajoule 1.75. Bí oníṣòwò kan bá gbé ìwé wá tó ní ìléru òun ń fi gigajoule kan péré ṣe é, kí ọ̀dọ́ ẹnjiníà fi ọ̀wọ̀ dá ìwé náà padà fún un. Kò sí ìdí fún ìpàdé kejì.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba òdìkejì ọ̀nà yìí ṣìnà: wọ́n ń dá ẹ̀rọ lẹ́bi fún ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin ní Ìkòròdú, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ní ẹ̀rọ steam mẹ́fà tí agbára wọn jẹ́ megawatt 1,320 lápapọ̀. Ọ̀sà ló ń tù wọ́n lójú. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, steam máa ń wọlé ní nǹkan bíi 540°C, omi ọ̀sà sì wà ní nǹkan bíi 30°C. Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti sọ ní 1824, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 28, pé ìyàtọ̀ ìgbóná méjèèjì ló ń pààlà ohun tí ẹ̀rọ lè rí mú. Bí a bá fi ìlànà rẹ̀ ṣe ìṣirò, ìdá 63 nínú 100 ni òkè téńté, níbi tí kò sí ìjò kankan, tí kò sí ìfarakanra irin kankan. Ẹ̀rọ steam gidi tó bá dé 40 ti gbìyànjú. Ọ̀dọ́ tó bá dé ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ń pariwo pé ìdá 60 ń ṣòfò, kò tíì ka Carnot. Ìbéèrè tó yẹ kó máa bi ara rẹ̀ ni ìdí tí ẹ̀rọ kan tó ń gba 38 tẹ́lẹ̀ fi bọ́ sí 32.

Láti inú ọ̀rọ̀ Carnot yìí kan náà ni àwọn àgbà ti ń fa ìmọ̀ràn mìíràn yọ: ooru kò dọ́gba. Ooru 500°C níyì ju ooru 60°C lọ, bí iye joule wọn bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó fi iná ńlá gbé omi ìwẹ̀ lásán gbóná, nígbà tí páìpù gbígbóná kan ń da ooru rẹ̀ nù sínú afẹ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì ilé iṣẹ́, ti ná owó ńlá ra ohun kékeré. Ẹnjiníà kan, Bodo Linnhoff, sọ èyí di ìlànà tí ilé iṣẹ́ ń lò ní Ìlú Ọba lápá ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì ti dín owó epo kù fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí wọn kò ra ju páìpù àti ìpààrọ̀ ooru díẹ̀ lọ.

Níbi àdàpọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣubú. Ní oṣù kẹrin 2015, ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tó kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àyíká rẹ̀. Ojú àwọn kan kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Methanol inú ògógóró ló pa wọ́n. Ọmọ tó bá ka ìwọ̀n ìhó nìkan á sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn: methanol ń hó ní 64.7°C, ethanol, ìyẹn ọtí gan-an, ní 78.4°C, omi ní 100°C. Nítorí náà, kí wọ́n da èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ọtí nù, ewu ti lọ. Irọ́ ni, irọ́ tó lè pa ènìyàn sì ni. Àwọn nọ́ḿbà mẹ́ta yẹn jẹ́ ti ohun tó dá wà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú ìkòkò kan, molecule kọ̀ọ̀kan ń di èkejì mú tàbí ó ń tì í jáde, methanol á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ẹni tó bá mọ thermo kò ní fi dídà á nù lásán dá ẹnikẹ́ni lójú.

Omi àti ethanol nìkan pàápàá ní àṣírí tiwọn. Bí a bá ń sè wọ́n, tí a ń gba oru wọn, ọtí náà á máa lágbára sí i títí yóò fi dé nǹkan bíi 95.6 nínú 100, ní 78.2°C. Níbẹ̀, oru àti omi tó wà nísàlẹ̀ á ní ìwọ̀n ọtí kan náà, ìsè kò sì ní yà wọ́n mọ́, bó ti wù kí òpó tí wọ́n fi ń sè é ga tó. Ẹni tó bá fẹ́ ethanol tó gbẹ pátápátá láti pò mọ́ epo bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mìíràn.

Ibí yìí ni kọ̀ǹpútà ti ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ. Aspen, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí ní MIT ní Amẹ́ríkà lápá ìparí àwọn ọdún 1970, àti HYSYS, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò iṣẹ́ ilé iṣẹ́, ti rọ iṣẹ́ lọ́rùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n á ní kí ẹni náà yan ìlànà tí wọ́n máa fi ka àdàpọ̀ rẹ̀. Peng àti Robinson gbé tiwọn jáde ní 1976, ó sì bá epo rọ̀bì àti gáàsì mu. Ó wúlò fún irú gáàsì tí wọ́n ń tù ní Bonny láti 1999 títí yóò fi dé 162°C sí ìsàlẹ̀ òdo, tí àyè tó ń gbà á fi dín kù ní ìlọ́po 600. Fún omi àti ọtí, NRTL tí Renon àti Prausnitz gbé jáde ní 1968 ló sún mọ́ òtítọ́. Bí ọ̀dọ́ bá tẹ ìlànà tó rò pé gbogbo àdàpọ̀ ń ṣe wẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà á ya òpó kan fún un tó ń gbé ethanol 99.9 jáde láìsí wàhálà. Àmì pupa kankan kò ní tàn. Àwòrán náà á dára lójú, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, wọ́n á kọ́ òpó náà tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun tí ayé kò gbà ni wọ́n kọ́. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń fi dandan lé e: kí a tó gba èsì kọ̀ǹpútà gbọ́, kí a fi nọ́ḿbà tí ẹnìkan ti wọ̀n rí nínú yàrá àyẹ̀wò dán an wò.

Ìmọ̀ràn kan wà tí kò sí àgbà tó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ooru tí kẹ́míkà bá tú jáde gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò gbà lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá 2007, ní Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida, ilé iṣẹ́ T2 Laboratories ń ṣe kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo bẹntiróòlù. Ìgbà 175 tí wọ́n máa ṣe é nìyẹn. Láti ìgbà 42 ni wọ́n sì ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún ohun tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò. Ètò ìtútù ìkòkò náà kọṣẹ́, kò sì sí òmíràn tó lè dúró fún un. Ìgbóná gòkè. Bó ṣe kọjá nǹkan bíi 199°C, sodium inú ìkòkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi kẹ́míkà tí wọ́n fi pò ó jà, ìjà tí àwọn tó ni iṣẹ́ kò yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ìkòkò náà bú. Ènìyàn mẹ́rin kú, 32 fara pa. Ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà wà lára àwọn tó kú. Lẹ́yìn ìwádìí, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí ààbò kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ewu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kún ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà kẹ́míkà ń kọ́.

Ìṣirò tó yẹ kí ọ̀dọ́ ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan fáàfù kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ooru mélòó ni iṣẹ́ yìí máa tú jáde? Bí kò bá rí ibi lọ, títí dé ìgbóná wo ni yóò gbé ohun inú ìkòkò? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ohun náà níbi ìgbóná yẹn? Bí ìdáhùn kẹta bá jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀, iṣẹ́ náà kò tíì tó ṣe. Kó sì rántí pé bí ìkòkò bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì níhà gbogbo, ohun tó wà nínú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ, ara rẹ̀ tó ń tú ooru síta kò sì ní ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ohun tó tutù jẹ́jẹ́ nínú ìgò kékeré ní yàrá àyẹ̀wò lè di iná nínú táńkì.

Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ dúró sí ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Agbára tí wọ́n kọ sára gas turbine jẹ́ ti afẹ́fẹ́ 15°C, nítorí ìyẹn ni ìwọ̀n tí gbogbo ayé fẹnu kò sí. Kò sí ọ̀sán kan ní ilé iṣẹ́ mànàmáná Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ tàbí Ọlọ́runṣògo tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ní 33°C, ẹ̀rọ náà lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìṣe pé nǹkan kan bà jẹ́ nínú rẹ̀. Bákan náà ni ilé ìtútù omi: omi rẹ̀ kò lè tutù kọjá ibi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá gbà á láyè dé. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ Ifẹ̀ gbẹ, á ṣiṣẹ́ débi pé inú ọ̀gá á dùn. Tó bá di oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ilé ìtútù kan náà á máa tiraka. Ẹni tó bá fi oṣù kìíní ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ìyẹn, ti fi ara rẹ̀ sínú gbèsè.

Láti 1973 ni ètò SIWES ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé iṣẹ́, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní IT. Oṣù àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni àwọn àgbà ń ṣọ́ jù, nítorí nígbà náà ni ọmọ máa ń pinnu bóyá òun máa fi ẹsẹ̀ rìn nínú ilé iṣẹ́ tàbí òun máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kó rìn. Kó tọ páìpù kọ̀ọ̀kan láti orísun rẹ̀ dé ibi tó parí sí, pẹ̀lú ìwé àwòrán lọ́wọ́, kó sì sàmì sí ibi tí àwòrán àti ilẹ̀ kò ti bára mu. Kó kí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ní òwúrọ̀, kó pè wọ́n ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bó ṣe yẹ, kó sì bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń yí fáàfù kan kí wọ́n tó yí èkejì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè: ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún gbọ́ ohùn páǹpù lè mọ̀ pé ó fẹ́ bà jẹ́ kó tó bà jẹ́, ọmọ fásitì sì lè fi ìṣirò sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà, kó yan ìpààrọ̀ ooru kan ṣoṣo, èyí tí omi gbígbóná ń gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá tí omi tútù sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Kó ka ìgbóná níbi tí wọ́n ti ń wọlé àti ibi tí wọ́n ti ń jáde, kó mọ iye tó ń ṣàn ní wákàtí kan, kó sì ṣírò ooru tí ẹ̀gbẹ́ gbígbóná pàdánù àti èyí tí ẹ̀gbẹ́ tútù gbà. Ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí wọ́n bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ yàtọ̀ síra, kó wá ohun tó fà á: tẹmómítà tó ti ń purọ́, ìwọ̀n ìṣàn tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò láti ọdún tó kọjá, páìpù tí ẹ̀wù ìbora rẹ̀ ti ya, tàbí ìjò láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí ooru tó ń kọjá ń dín kù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìdọ̀tí ti ń kó jọ sínú páìpù, àkókò àtifọ̀ ọ́ sì ti ń sún mọ́. Kó kọ ọjọ́, wákàtí àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ẹ̀dà ìwé náà sílẹ̀ fún àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kó tó padà sí Ifẹ̀.